Ẹni Tó Wá Wọ Kábà Kẹfà

Aago méje alẹ́ ti lù, èmi nìkan ló ṣẹ́ kù ní yàrá ìránṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Láàárọ̀ ọ̀la ni mo máa fi kábà àdìrẹ mẹ́fà han àwọn olùkọ́. Bí ọ̀kan bá dín, mo máa tún ọdún yìí kà nìyẹn. Ọmọ́wùnmí tó yẹ kó wọ ìkẹfà sì ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn. "Èmi ni màá wọ̀ ọ́."

"Ta ló rán ọ wá? Ó dáa, wọ̀ ọ́ kíá, má fi àkókò mi ṣòfò."

Kábà náà bá a mu rẹ́gí, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi pínnì mú etí kábà náà yíká. Kí n tó yí i po, ó ti gòkè dé ojúgun.

"Sísí, dúró jẹ́ẹ́! Ṣé ijó lo wá jó ni?"

Mo tú pínnì, mo tún un mú. Nǹkan kan ń ha àjà lókè. Inú bí mi, mo dìde kí n wò ó lójú.

Orúnkún rẹ̀ ló wà níwájú imú mi.

"Bọ́ aṣọ mi sílẹ̀!" mo jágbe.

Ohùn rẹ̀ wá láti òkè, jẹ́jẹ́: "Wá bọ́ ọ."