Àdúrà Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Ọmọ oṣù méjì ni Ayọ̀miídé nígbà tí wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Bó bá ti mu wàrà báyìí, gbogbo rẹ̀ ló ń bì jáde, títí ó fi rù kan eegun. Dókítà ní ibi tí oúnjẹ ń gbà kúrò nínú ikùn rẹ̀ ló dí, àfi kí àwọn là á. Bí àwọn ò bá sì là á, ọmọ ò ní pẹ́ láyé.

Gbádé, bàbá ọmọ, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀, ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Moyọ̀sọ́lá ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Ọdún méjìlá ni àwọn méjèèjì fi wojú Olúwa fún ọmọ. Gbogbo ìjọ wọn ní Mushin ló mọ̀. Ìjọ náà ló bá wọn gbààwẹ̀, òun náà ló bá wọn jó lọ́jọ́ ìkómọ. Moyọ̀sọ́lá ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ojú ayé pọ̀ jù ní Èkó. Nígbà tó máa fi padà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, Àríkẹ́ àbúrò rẹ̀ sì ń ru báàgì tẹ̀lé e. Ta ni yóò máa da ìbéèrè bo ẹni tí Olúwa dá lóhùn?

Àríkẹ́ ò jókòó. Láti àárọ̀ tí nọ́ọ̀sì ti ní kí nǹkan kan má kan ọmọ lẹ́nu ni ara rẹ̀ ò ti lélẹ̀ mọ́. Ọmọ ń ké nígbà náà, kò mọ̀ pé ìwòsàn ni wọ́n ń wá fún òun, ebi nìkan ló mọ̀. Àríkẹ́ ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, ó sáré gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ. Nígbà tó padà dé, iwájú bùláòsì rẹ̀ tutù, ó fi ìborùn bò ó.

Kí wọ́n tó gbé ọmọ wọlé, dókítà ti bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè díẹ̀.

"Ìgbà tí ẹ̀ ń rọbí, mà, ṣé ó pẹ́ kí ọmọ tó jáde?"

Moyọ̀sọ́lá wo Àríkẹ́.

"Ó pẹ́, sà," ni Àríkẹ́ dáhùn. "Ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, ilẹ̀ tún ṣú. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde ló ké. Èmi náà wà níbẹ̀."

Dókítà mirí. Ó ní ẹni tó bá ní irú àbúrò báyìí, kó máa dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń dé. Awwal, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Gbádé, ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ. Ó wá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Àwọn ìyá ìjọ gbé fùláàsì ògì àti mọ́ínmọ́ín dání. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣánwọ́ wá? Ìyá Gertrude, tó ń darí ẹgbẹ́ aládùúrà, ló ṣáájú wọn.

"Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a tọ́ ọ," ló wí, ó fa orí Moyọ̀sọ́lá mọ́ àyà. "O ò dá wà, ọmọ mi."

Moyọ̀sọ́lá bú sẹ́kún. Àwọn ìyá yí i ká, wọ́n ń nu ojú rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Àríkẹ́ bọ́ sẹ́yìn kí wọ́n lè ráàyè. Ẹnìkan gbé fùláàsì lé e lọ́wọ́ pé kó bá àwọn mú un.

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó sáré kọjá, kò wojú ẹnì kankan. Gbádé dìde, ó tún jókòó. Bó ṣe mọ ẹ́ńjìnnì tú tó, tó sì mọ̀ ọ́n tò padà, ọwọ́ rẹ̀ ò lè dé ibi tí wọ́n ti ń tún ọmọ ṣe.

Ìyá Gertrude ní kí gbogbo èèyàn dìde.

"Ẹ jẹ́ ká dárúkọ ọmọ yìí síwájú Olúwa. Orúkọ ìyá tó bí i la ó fi pè é o, bí a ṣe máa ń ṣe é. Ayọ̀miídé, ọmọ Moyọ̀sọ́lá!"

"Mà," ni Àríkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń tọrọ gáfárà lọ, "ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká pe ọmọ nìkan? Kí ariwo má pọ̀ jù. Olúwa ṣáà mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ọmọ yìí! Bí mo bá ní kí o gbé ẹrù fún Ìyá Risi ní Mushin, ṣé o ò ní bi mí pé Ìyá Risi wo? Ayọ̀miídé mélòó ló wà ní Èkó? Orúkọ ìyá ni àdúrà fi ń mọ ilé. Bó bá ṣìnà, ilé onílé ló máa yà sí."

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àríkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Moyọ̀sọ́lá. Moyọ̀sọ́lá ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ba Àríkẹ́ gan-an.

"Ayọ̀miídé, ọmọ Moyọ̀sọ́lá!"

"Yóò yè!"

"Ayọ̀miídé, ọmọ Moyọ̀sọ́lá!"

"Yóò yè!"

Àríkẹ́ gbìyànjú láti bá wọn gbè é, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó gbé fùláàsì sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó dijú. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí ariwo wọn ṣe ń ròkè ni ohùn tirẹ̀ náà ń ròkè lábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà yọ, ó ti fa ìbòmú sí àgbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ìròyìn ayọ̀ tó mú wá. Ariwo dá lójijì.

Àríkẹ́ tó dijú ò rí i, ohùn rẹ̀ nìkan ló sì kù lẹ́nu ọ̀nà náà, ketekete: "Olúwa, Ayọ̀miídé ọmọ Àríkẹ́ ni mo ń wí o, èmi ni mo bí i."