Ìlà Méjì Ló Pọ́n, Ọ̀kan Ló Mọ̀

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n."

1. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Amọ̀ṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn o! Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó ọlọ́mọ mẹ́ta, ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń sàba lé ẹyin bí adìyẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹyin ló wà nínú rẹ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n di òròmọdìyẹ. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ.

Inú fáìlì kan ni ẹ̀rọ náà ti ń ka bí ooru yóò ṣe pọ̀ tó, àti iye wákàtí tí yóò máa dúró kó tó tún yí ẹyin padà. Ẹ̀gbọ́n ní kí Amọ̀ṣẹ́ sọ wákàtí mẹ́ta di mẹ́rin. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ!

2. Fóònù wà létí Amọ̀ṣẹ́, ẹ̀rín ló ń rín. Ó pa 3 rẹ́, ó tẹ 4. Nígbà tó wo ìlà wákàtí, 3 ṣì wà níbẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ pé, "Níbo wá ni mo tẹ 4 àkọ́kọ́ sí?" Ó kàn tún òmíràn tẹ̀ ni. Àṣé orí ìlà ooru ló tẹ ti àkọ́kọ́ sí. 37 ti di 47!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, rí àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà méjì. Ó mọ̀ pé àmì yẹn ń sọ pé nǹkan ti yí padà níbẹ̀, wọn ò sì tíì fi pamọ́. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, yóò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Àbúrò mi, ọ̀kan ni mo ní kí o yí. Kí ló dé tí ìlà méjì fi pọ́n? Tẹ̀ ẹ́ ká wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ máa wo ẹyin yín! Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Jọ̀ọ́, wò ó."

"Mi ò wò ó!"

Ó fi pamọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Olóríkunkun!

3. Nírọ̀lẹ́, obìnrin náà ṣí ẹ̀rọ, ooru gbá a lójú. Ó fọ́ ẹyin kan, ó fọ́ ìkejì, ó fọ́ ìkẹwàá. Gbogbo wọn ti kú.

Ẹ gbọ́ ohun tí aláìnítìjú yìí sọ nígbà tí wọ́n pè é padà: "Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀. "Ka ìlà ooru sókè."

"Mẹ́tàdín... mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí."

"Oúnjẹ ẹnu àwọn ọmọ mi lo gbà! Mo bẹ̀ ọ́, o ní o ò wò ó. Jáde nílé mi!"

Ẹ̀gbọ́n ti ta ẹ̀rọ náà báyìí. Aṣọ àwọn olówó ló ń bá wọn fọ̀. Kò sì sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún Amọ̀ṣẹ́ mọ́, òun àti orúkọ rẹ̀.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí! Wíwò ò gbà ju kéèyàn ṣẹ́jú lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó fi nǹkan pamọ́, ẹ wo gbogbo ohun tí ẹ yí, kì í ṣe èyí tí ẹ rò pé ẹ yí nìkan. Bí ẹnì kan bá sì ní "wò ó", ẹ wò ó, kódà bí kò mọ iṣẹ́ náà tó yín. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́.