Erin Tó Bá Igi Jà

Àlọ́ mi kọlu Erin gbì! Erin dé igbó tuntun, ó ka igi sí ọ̀tá. Bó ti ń wó wọn ló ń kọrin:

“Igbó ò lè tán!”

Àwọn ẹranko ń gbè é: “Ẹ wó o, Bàbá!”

Nígbà tó ku igi obì kan ṣoṣo, oòrùn ń pa Erin. Ó sá sábẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Mo fẹ́ràn igi!”

Ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìfẹ́ yín pẹ́, Bàbá. Èmi á gbin obì, ẹ̀yin ẹ pọnmi.”

Ojú ti Erin, ó pọnmi. Lọ́jọ́ kejì ó béèrè: “Ṣé ó ti hù?”

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, “Ohun tí ẹ fi ìṣẹ́jú kan wó, ogún ọdún ló fi dàgbà. Ẹ pọnmi, Bàbá.”