Ẹ Má Dé Ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbíyẹmí

Láti ìgbà tí ìjọba ti fi owó Údójì kún owó oṣù wa, gbogbo àwa tíṣà Ìkòtún ti di ọ̀mọ̀ràn nínú oúnjẹ àti bíà.

Tíṣà Olúdayọ̀ ni ọ̀gá wa. Ibi tí kò bá fọwọ́ sí, ta ló jẹ́ débẹ̀?

"Ẹ lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, bíà wọn tutù. Ẹja Akówonjo náà dára. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbíyẹmí tó ń se ọ̀yà n'Ígàndò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má débẹ̀. Ẹran rẹ̀ le bí bàtà. Inú rírun ló fi ń ṣe èènì."

Ọmọlúàbí ni, ó ń ro ti ikùn wa. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, kò sẹ́ni tó débẹ̀ nínú wa.

Lónìí, òjò ká mi mọ́ Ìgàndò. Ebi ń pa mí, mo bá yà síbẹ̀.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Tíṣà Olúdayọ̀ ni, ọ̀yà kún àwo rẹ̀.

"Jókòó jàre," ó ní, kò wo ojú mi. "Ẹran yìí kì í kárí tí èrò bá pọ̀."

Mo tọ́ ọ wò. Ṣe ló ń yọ́ lẹ́nu.

Ìyá Ìbíyẹmí gbé omi ìfọwọ́ wá. "Ẹ jẹun dáadáa o. Ọ̀la ni mò ń kó padà sí Oǹdó. N ò mọ ohun tí mo fi ṣe àwọn èèyàn tí wọn kì í fi í yà sọ́dọ̀ mi. Tíṣà yìí nìkan ló dúró tì mí."

Ó bu ẹran sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún mi, Ọlọ́run á san án fún yín."

Èmi nìkan ni mo ṣe àmín.