Ẹ̀wà Méje Tí Ọ̀bọ Ń Hú Wò

Ẹ fetí sí àlọ́ mi. Ó gbéra ńlẹ̀, ó bà lé Òkété, ó bà lé Ọ̀bọ.

Ọ̀dá pa gbogbo oko ẹranko run. Ẹ̀wà méje péré ló kù, inú àdó tí ìyá Òkété fi sílẹ̀ kó tó kú ni wọ́n wà. Wọ́n ti gbó, wọ́n le bí òkúta. Òkété fi eyín ha èèpo wọn, ó rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì gbìn wọ́n. Ó ní kí Ọ̀bọ máa bá òun lé ẹyẹ, kí òun máa lọ pọnmi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó bá mẹ́fà nílẹ̀, ọ̀mùnú wọn ti ṣẹ́.

"Ta ló hú wọn?"

"Òkété, èmi ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń hú wọn wò, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti ń hù."

 Òkété lé Ọ̀bọ lọ, ó jókòó ti ẹyọ kan tó kù, ó ń kọrin, àwọn ẹranko ń gbè é:

Ọ̀bọ, fọwọ́ kúrò nílẹ̀ mi,
*Jẹ́ kó hù.*
Irúgbìn ìyá mi ni,
*Jẹ́ kó hù.*
Arúgbó kì í sáré dìde,
*Jẹ́ kó hù.*

Ẹyọ kan náà hù, ó so. Òkété pín in fún gbogbo ẹranko láti gbìn. Ọ̀bọ náà nawọ́, ó ní ebi ń pa òun.

"Ebi ń pa gbogbo wa nígbà tí o ń hú u," ni Òkété wí. Ó kẹ̀yìn sí i.

Láti ìgbà náà ni Ọ̀bọ kò ti ní oko. Oko olóko ló ti ń jẹun, kànnàkànnà ni wọ́n sì fi ń lé e.