Ẹni Tó Gbé Bẹ́ǹṣì Rélùwéè

Abọ́sẹ̀dé fi ìborùn bo imú kí ó tó wọ ibùdó rélùwéè kékeré tó wà nítòsí ilé wọn ní ìlú Roodepoort nílẹ̀ òkèèrè. Òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn. Ìgbẹ́ ènìyàn wà lábẹ́ fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, eṣinṣin sì bò ó. Òkú eku kan ti wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Adó-Èkìtì, òdòdó ni wọ́n gbìn yí ibẹ̀ ká. Bẹ́ǹṣì onípákó kan wà lábẹ́ òrùlé. Orí rẹ̀ ni Akínwálé, ọkọ rẹ̀, ti bi í léèrè bóyá yóò fẹ́ òun, tó sì fi ìṣó kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i lára. Nígbà àrùn Kòrónà ni ọkọ̀ ojú irin ò wá mọ́. Olè jí wáyà, wọ́n ṣí páànù, wọ́n yọ ilẹ̀kùn. Bẹ́ǹṣì yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Ní báyìí tí wọ́n fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe, ohun kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé ń retí ni kí òun jókòó sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá padà dé.

Ihò tí wọ́n ti hú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló bá.

"Ẹranko ni wọ́n," ló wí.

Akínwálé fara ti ògiri, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ní òun bá aládùúgbò kan ti mọ́tò.

Abọ́sẹ̀dé gbọ́wọ́ sókè. "Ẹni tó gbé bẹ́ǹṣì yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní sàn láyé. Ìṣojú mi báyìí ni àṣírí rẹ̀ máa tú."

"Eish. Àmín o, Mọ́mì," ni Oyin, ọmọ wọn obìnrin, dáhùn. Ó yára bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá rẹ̀ rò pé èébì ló ń gbé e.

Akínwálé wúkọ́.

"Bàbá Oyin, mi ò gbọ́ àmín yín."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ò kọ́ wa ní èpè, Abọ́sẹ̀dé."

"Ṣé olè lẹ wá ń gbè lẹ́yìn?"

Akínwálé wo ihò náà. "Àmín," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tí Abọ́sẹ̀dé ń ṣe ọjọ́ ìbí, Oyin fà á lọ sí gáréèjì, ó ní kó wá wo ẹ̀bùn tí bàbá òun ti ń tọ́jú pamọ́ láti oṣù tó kọjá, ó sì ká aṣọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì onípákó kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí orúkọ méjì tí wọ́n fi ìṣó kọ ṣì hàn lára rẹ̀.