Nọ́ọ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Tú

Òdòdè, Ìdànrè, 1979.

Fọlọ́runṣọ́ tún gbé òòlù sókè.

Gbàù!

Nọ́ọ̀tì tó dé ihò ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì kò mì. Láti àárọ̀ ni Felix mẹkáníìkì ti ń da kẹrosíìnì sí i. Sípánà kan ti ṣẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ Fọlọ́runṣọ́ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí irin.

"Ọ̀gá, ẹ rọra! Ẹ́ńjìnnì á là o."

"Kó là! Lọ́la ni mo fẹ́ fi lọ́ọ̀rì yìí kó kòkó. Ogún bàbá mi ni!"

Gbàù! Nọ́ọ̀tì yí, ó já bọ́.

Omi pupa ló tú jáde, kì í ṣe ọ́ìlì.

Fọlọ́runṣọ́ tọ́ ọ wò. Iyọ̀!

Ó fún Felix lọ́rùn, ó gbá a mọ́ ògiri. "Ìwọ lo bà á jẹ́! Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà!"

Òòlù ti ń bọ̀ lórí Felix.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Ìyá Fọlọ́runṣọ́ ni. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nínú sùtánà funfun, kò wọ bàtà.

"Èmi ni mo da omi iyọ̀ tí wọ́n gbàdúrà sí síbẹ̀."

"Màámi, ṣé kí Ọlọ́run lè máa ṣọ́ ọ ni?"

"Rárá. Kó lè dípẹtà ni."

Ó gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"Lọ́ọ̀rì yìí ló pa bàbá rẹ lọ́nà Ọ̀wẹnà. Ẹ tún un ṣe. Ó tún pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Ó ki nọ́ọ̀tì padà sínú ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú wọlé.